Omi Ẹ̀yìn Gẹ́ètì

Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo dé ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ti tò lọ gbọọrọ níwájú gẹ́ètì ìjọ. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ òmíràn, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ sára òmíràn, kí ẹni tó ni ín lè dá a mọ̀. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdébìnrin jókòó sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń dúró de ọlọ́dẹ tí yóò ṣílẹ̀kùn bí àdúrà òwúrọ̀ bá parí. Èmi ni mo gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ tí wọ́n wá pọn nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fà á lé ìjọ náà lọ́wọ́ ní Ajido, mo sì padà wá torí wọ́n ní pọ́ǹpù ń gbóná.

Nígbà tí gẹ́ètì ṣí, àwọn ọmọ ìjọ ló kọ́kọ́ wọlé, wọn kò sanwó. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, àwọn yẹn ń san owó lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tó pọnmọ dúró títí ó fi kàn án. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tó wà níbẹ̀, ó tún un kà, ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lófìfo, ó yí padà. Mo sáré pè é. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹ máa bọ̀, ẹ wá pọn." Ó tẹ orúnkún ba díẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Omi yín nìyẹn. Àwa náà ní kànga."

Mo mọ kànga tó ń sọ. Mo ti rí i lọ́jọ́ tí à ń wá ibi tí a óò gbẹ́. Ríìngì kọnkéré mẹ́rin ni wọ́n tò sínú rẹ̀, wọ́n fi páànù ògbólógbòó bo ẹnu rẹ̀, ṣáláńgá ilé wọn kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i.

Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn mi. Ìgbìmọ̀ ìjọ ló ní kí n gbé ẹnu ẹ̀rọ sínú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, nítorí olè. Ó yẹ kí n sọ fún wọn nígbà náà pé ibi tí ẹnu ẹ̀rọ bá wà ló ń sọ ẹni tó ni omi. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́, torí ìdajì owó iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbẹ́ kànga káàkiri etíkun Badagry, ó sì lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wàásù nínú ìjọ mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ lásán tí kì í ṣe àlùfáà. Iṣẹ́ méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ayé mi tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilẹ̀ Ajido, torí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn ló sọ kọ́kọ́rọ́ gẹ́ètì kan di ọ̀ràn ìgbàgbọ́. Bí ènìyàn bá yà kúrò lójú títì Badagry ní Aradagun, tó gba Ìworò kọjá, yóò dé etí ọ̀sà. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ìlú náà: apẹja, oníṣòwò àgbọn, ìdílé tí eégún Zangbeto ń ṣọ́ lóru. Ní òdìkejì ọ̀sà, ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Yanrìn ni gbogbo rẹ̀, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Òjò tó bá rọ̀ ń rì wọlẹ̀ ni. Bó bá sì rì, kì í dàpọ̀ mọ́ omi iyọ̀ tó ti inú òkun wọ abẹ́ ilẹ̀ wá. Orí rẹ̀ ló ń léfòó sí, bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́. Bí omi tí kò níyọ̀ bá ga ju ojú òkun lọ ní mítà 1, nǹkan bíi mítà 40 rẹ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀ ojú òkun kí a tó kan iyọ̀. Ìṣírò yìí dùn mọ́ etí títí ènìyàn yóò fi yí i padà. Bí a bá fa omi débi tí orí rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní ìdajì mítà, iyọ̀ lè gòkè tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ wá. Bí kànga ṣe ń bàjẹ́ létíkun nìyẹn, iyọ̀ tó bá sì ti gòkè kì í tètè sọ̀ kalẹ̀.

Omi òkè ni ọwọ́ tálákà lè tó. Mítà méjì tàbí mẹ́ta péré, ṣọ́bìrì ti kàn án. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti dé náà ló jẹ́ kó rọrùn láti bàjẹ́. Òfin iṣẹ́ wa sọ pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30, kí ìsàlẹ̀ kòtò ṣáláńgá sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlá tí mo ti wọ̀ ní Ajido kò gùn tó mítà 30 láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé. Bí òjò oṣù kẹfà bá sì dé, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè wá bá kòtò náà nílé. Oṣù kẹfà náà ni onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2024. Bí mo bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, páànù tó bo ẹnu kànga yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mo sì máa ń rántí pé àwọn obìnrin tó ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣan abọ́ ló ń ta mọ́ínmọ́ín níwájú gẹ́ètì ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Omi tó mọ́ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ ìpele amọ̀ tí ìdọ̀tí kò lè tètè là kọjá. Láti débẹ̀ gba páìpù, gba ọkùnrin mẹ́rin tí yóò máa yí i fún ọjọ́ mélòó kan, gba pọ́ǹpù, gba iná. Owó ni. Níbi tí ẹ̀rọ omi ìjọba kò dé, ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìlú apẹja? Onílé ńlá ni, àti ìjọ. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn mọlémọlé nìkan. Ọwọ́ ìjọ ni omi tó mọ́ wà.

Mo ti wàásù lórí Jòhánù orí kẹrin ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Ọkọ márùn-ún tí obìnrin ará Samáríà fẹ́ ni mo máa ń gbájú mọ́, bí ọ̀pọ̀ oníwàásù ṣe máa ń ṣe, a ó bú obìnrin náà tán kí a tó rántí kànga. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ajido ni mo padà kà á pẹ̀lú ojú ẹni tó ń gbẹ́ kànga, mo sì rí ohun tí mo ti ń fò kọjá. Kànga náà jìn. Ọ̀sán gangan ni. Òǹgbẹ ń gbẹ Jésù, kò sì ní ohun tí yóò fi fa omi. Obìnrin yẹn ló ni korobá. Àwọn Júù ìgbà náà kì í sì í bá ará Samáríà lo ohun èlò pọ̀. Ẹni tó ní kí obìnrin náà fún òun lómi ti gbà pé ẹnu òun yóò kan ohun tí ẹnu wọn kàn.

Ẹni tí kò ní korobá ni Olúwa wa lọ́jọ́ yẹn. Àwa tí à ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í débi kankan láìní korobá. A ti ní korobá, a ti ní okùn, a ti ní gẹ́ètì àti ọlọ́dẹ. Àwọn ará ìlú ló ń tọrọ lọ́wọ́ wa. Ó sì ṣòro fún ẹni tí wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ láti má bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ló dá omi.

Mo sọ èyí fún ìgbìmọ̀ ìjọ náà nígbà tí mo padà lọ bá wọn. Bàbá àgbà kan dá mi lóhùn pé ìtàn ti yàtọ̀ ní Badagry, pé ìjọ ló mú ìmọ́lẹ̀ wá sí etíkun yìí. Mo mọ ìtàn tó ń sọ, gbogbo wa la fi ń yangàn. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Badagry. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún náà. Abẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n ti wàásù, igi tó dúró títí di 1959 kó tó wó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀ láti 1845, àwọn tó ń mú àlejò kiri sì máa ń fi kànga kan hàn wọ́n ní àgbàlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kànga ìyanu.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó ní kànga tiwọn, omi ta ni wọ́n ń mu?"

Ó dákẹ́. Àlejò ni wọ́n. Omi àwọn ará Badagry ni wọ́n mu, àwọn tí kò tíì gbà gbọ́, àwọn tí ń bọ Zangbeto. Kò sẹ́ni tó ní kí Freeman kọ́kọ́ di ọmọ Zangbeto kó tó bu omi. Ìyìn rere dé etíkun yìí ní òǹgbẹ, wọ́n sì fún un lómi. Bí a bá fẹ́ ka ìtàn 1842, ká ka ibẹ̀ náà mọ́ ọn.

Kànga mìíràn wà nínú ìtàn Badagry tí n kì í lè gbàgbé. Ó wà ní Gberefu, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má lè ṣọ̀tẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá mú ọmọ iṣẹ́ tuntun, mo máa ń mú un lọ wò ó. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé a lè fi omi ṣe ìkà fún ènìyàn, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó nawọ́ omi síni ló fẹ́ kí á yè.

Nínú èdè wa, ohun kan wà tó yẹ kó ti kọ́ àwa Kristẹni Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ yìí. Omi mímọ́ ni omi tí wòlíì gbàdúrà sí. Omi tó mọ́ ni omi tí kò lè pa ọmọ. Gbòǹgbò kan náà ni, mọ́. Ìjọ Aládùúrà ló sì sún mọ́ omi jù nínú gbogbo wa. Ní 1930, nígbà ìsọjí Òkè Ooye ní Iléṣà, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó ti ń wa katakata tí ń tẹ ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ di wòlíì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rọ́ wá láti ìlú jíjìn, wọ́n gbé ìgò àti kèrègbè dání, torí omi ìyè. Ní 1947, Samuel Bilewu Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá pákó kiri, dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Pọ́tò-Nóófò, ọ̀nà omi kan náà sì ni Pọ́tò-Nóófò àti Badagry jọ wà lórí rẹ̀. Títí dòní, etíkun wa kún fún aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà sómi.

Wòlíì kan nínú wọn ló pè mí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Sùtánà àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti ń pọ́n bí ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi osùn. Irin ni. Omi tó jinlẹ̀ létíkun yìí sábà máa ń ní irin nínú. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i fún wákàtí kan, irin náà á di ìpẹtà, á rì sísàlẹ̀ garawa. Bí a bá fi po tíì, tíì á dúdú. Kì í pani, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fẹ́ mu ún, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ á padà sídìí kànga òkè tó mọ́ lójú tó sì ní àìsàn nínú. Mo ṣe àtẹ̀gùn kékeré fún wọn tí omi yóò máa já sílẹ̀ lórí òkúta kí atẹ́gùn lè nà án, lẹ́yìn náà kó gba inú yanrìn kọjá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Wòlíì náà sọ nǹkan kan fún mi tí mo mú lọ sílé. Ó ní òun kò béèrè rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò wá fún omi àdúrà pé ìjọ wo ló ń lọ. Mo ní, "Wòlíì, kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè nípa èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ó ti ní kí wọ́n la ògiri, ẹnu ẹ̀rọ méjì sì ti yọ sójú títì.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé lílà ògiri ti tó. Omi ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ kú. Mo ti rí òkú kànga-dẹ̀rọ tó pọ̀ létíkun yìí: pọ́ǹpù jóná, kò sówó láti ra òmíràn, ìnáwó àkọ́kọ́ ti wá láti ọwọ́ ẹlẹ́yinjú àánú kan, ó ti ya fọ́tò, ó ti lọ. Ẹ̀rọ ń fẹ́ owó lóṣooṣù. Yanrìn tó ń sẹ́ irin gbọ́dọ̀ di fífọ̀. Nítorí náà ìbéèrè tó le ni ti owó: iye tí yóò jẹ́, ẹni tí yóò san án, àti ọwọ́ ẹni tí yóò wà.

Àwọn ará Èkó ti ja irú ìjà yìí ṣáájú wa. Ní 1908, nígbà ìjọba Gómìnà Walter Egerton, wọ́n fẹ́ máa gba owó omi lọ́wọ́ ìlú láti fi ṣe ẹ̀rọ omi. Ìlú takú. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti ta ko owó náà, Herbert Macaulay sì wà nínú ìjà náà gbágbáágbá. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay, Crowther tó gbé Badagry ní 1845 sí 1846 kó tó wọ Abẹ́òkúta. Ìlú ní àwọn ní kànga, àwọn ní omi òjò, pé àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀rọ jù, kí wọ́n má ti àpò ẹlòmíràn san owó ìgbádùn wọn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn owó náà wọlé. Ní ti kànga, n kò lè gbè sẹ́yìn wọn. Mo mọ ohun tó ń wọ inú kànga ìlú tó há mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn nípa ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí yóò mu, títí dòní ni mo ń gbé e kiri láti ìjọ dé ìjọ.

Nínú Bíbélì, Ẹkún Jeremáyà orí karùn-ún ka á mọ́ ìyà ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun pé wọ́n ń fi owó ra omi tí í ṣe tiwọn. Mo ka ẹsẹ yẹn fún ìgbìmọ̀ ìjọ ní Ajido, mo sì tún fi ìṣírò tẹ̀ lé e. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010 pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi tó mọ́. Wọ́n ní ènìyàn kan nílò lítà 50 sí 100 lójúmọ́, pé kí owó rẹ̀ má ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí ilé kan lọ. Ẹ wo ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo lítà 50, lítà 300 ni, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún wúwo tó kílò 25. Ọmọdébìnrin ló sábà máa ń rù ú, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí àwọn àgbà náà sọ iye tí wọ́n ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan di ìlọ́po méjìlá, kí wọ́n wá fi wé ohun tí obìnrin tó ń yan ẹja ń rí lọ́jọ́ kan. Akọ̀wé ìjọ ló ṣe é lórí fóònù rẹ̀. Ó fi han alága. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó wá yí ọ̀rọ̀ náà ni Ìyá Ìjọ. Kò wàásù. Ó béèrè pé bí ẹnu ẹ̀rọ bá bọ́ síta, ta ni yóò máa gbálẹ̀ ibẹ̀, kí omi má baà dá ẹrẹ̀ tí ẹ̀fọn yóò yé sí? Nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ta ni yóò gbálẹ̀, ó ti gbà.

Ohun tó le jù ni ti owó ọmọ ìjọ. Mo ní kí gbogbo ènìyàn máa san iye kan náà, kí ó kéré, kí ọmọ ìjọ máà gba ọ̀fẹ́. Wọ́n bínú gan-an. Wọ́n ní àwọn ló dá owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Mo ní, "Ọrẹ lẹ dá, ẹ̀yin àgbà, ẹ kò ra ìpín." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó, mo sì rò pé wọn yóò lé mi jáde. Alága ni kò jẹ́.

Obìnrin mẹ́ta ló ń tọ́jú owó náà láti ìgbà yẹn: ọ̀kan láti inú ìjọ, ọ̀kan Mùsùlùmí, ọ̀kan láti ilé tí wọ́n ti ń ṣe Zangbeto. Ìwé kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n fúnra wọn ló mú orúkọ àwọn opó àti arúgbó tí kò ní máa sanwó, wọn kò sì kà á síta. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹni tí wọ́n ń fún ní omi torí àánú gbọ́dọ̀ lè pọn ún lójú gbogbo ènìyàn láìsí ẹni tó mọ̀ pé kò sanwó.

Ìjà kò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fọ́ orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan rọ yanrìn sínú páìpù. Mo rántí Ísákì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n, tí àwọn Filísínì fi erùpẹ̀ dí kànga bàbá rẹ̀, tí àwọn darandaran Gérárì ń bá a jà lórí èyí tó gbẹ́, tí ó sì ń ṣí kúrò títí ó fi gbẹ́ èyí tí wọn kò bá a jà sí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ìtàn yẹn kọ́ni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ gbòòrò wà fún Ísákì láti ṣí lọ. Níbo ni Ajido fẹ́ ṣí lọ, láàárín ọ̀sà àti òpópónà? Bí a bá gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi kan náà ni à ń fà. Ó di dandan kí a jókòó ti kànga tí a ń jà lé lórí.

Nǹkan tí a kò tíì rí yanjú ni ti àwọn ilé ńlá tó ń yọ létí ọ̀sà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní pọ́ǹpù tirẹ̀, ó ń fi fọ ọkọ̀, ó ń fi bomi rin koríko. Ìjọ náà wà nínú wọn. Mo mọ ìjọ tó ń fa omi lọ́sàn-án àti lóru láti rọ ọ́ sínú ọ̀rá fún títà. Ìsíkíẹ́lì orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n bá àwọn àgùntàn tó sanra wí pé wọ́n mu omi tó mọ́ tán, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ rú èyí tó kù fún àwọn yòókù. Mo ti máa ń rò pé òwe lásán ni. Létíkun, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń ṣẹlẹ̀, tí iyọ̀ ń gòkè nísàlẹ̀, tí ìdọ̀tí ń sọ̀ lókè, tí ẹni tó ní páìpù kúkúrú wà láàárín. Ẹni tó fa omi jù kì í rí ẹni tí kànga rẹ̀ yóò kọ́kọ́ níyọ̀. Mo ti ń kọ̀ láti gbé pọ́ǹpù ńlá fún ẹnikẹ́ni létí ọ̀sà, mo sì ti pàdánù iṣẹ́ torí rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí yóò gbé e fún wọn.

Oṣù tó kọjá ni mo débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, mo sì ti gbàgbé ìgò omi mi sínú ọkọ̀ tó gbé mi wá. Obìnrin tí ọjọ́ iṣẹ́ kàn jókòó sídìí ẹ̀rọ níta, lẹ́bàá ògiri, ìwé owó lórí itan rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a mọ̀. Ọmọ tó pọ̀n nígbà yẹn ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Ẹ bá mi wá omi mu, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ó ṣan ife náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bu omi kún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń mu ún.

Ó ní, "Bàbá, ṣé irin náà ti lọ?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ó pe ọmọkùnrin kan kó wá mú ṣọ́bìrì, a sì lọ wo yanrìn tó ń sẹ́ irin náà.